Ìbọn Kejì Tí Gbogbo Ènìyàn Fẹ́ Kí N Gbé

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, bí mo ṣe ṣí ike ìrẹsì mi báyìí, ni Misita Winston gbé ẹsẹ̀ lé àga níwájú mi, ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ní kí n wo ọrùn ẹsẹ̀ òun.

"Misita Winston, oúnjẹ ni mò ń jẹ."

"Wò ó ná, Tíṣà."

Mo wò ó. Ìbọn kékeré kan ni, kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ó wà nínú àpò aláwọ kan tí wọ́n dè mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, lókè ìbọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ìbọn ńlá tí a fi ń ṣiṣẹ́ ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀ o. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ yìí, tirẹ̀ ni, òun ló rà á fúnra rẹ̀. Ó ní bí èyí àkọ́kọ́ bá há, tàbí bí ẹnìkan bá já a gbà mọ́ òun lọ́wọ́, èyí kejì ni yóò yọ òun.

"Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan géérégé tí ọmọ yẹn fẹ́ gba ìbọn lára rẹ," ó ní. "O ò tíì lọ béèrè tìrẹ. Kí lò ń dúró dè?"

"Mò ń dúró kí ẹ gbé ẹsẹ̀ yín kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ mi."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tú ṣòkòtò rẹ̀ sílẹ̀, ó ní òun ò ní dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, òótọ́ sì ni, kò dákẹ́.

Ọmọ Jamaica ni Misita Winston, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. East Flatbush, ní Brooklyn, ló ń gbé, láràárọ̀ ló sì ń fi ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ la gbogbo ìlú New York yìí já kó tó dé ibiṣẹ́ wa ní Bronx, síbẹ̀ kò pẹ́ dé rí. Àwa méjèèjì la jọ ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta wúrà. Òyìnbó la fi ń bá ara wa sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n nínú ọkàn mi, "ẹ" ni mo ń pè é, nítorí ó lè bí mi. Òun ló ń pè mí ní Tíṣà, láti ọjọ́ tí mo ti sọ fún un pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo fi sílẹ̀ nílé.

Kí n tó dé ìlú yìí, mi ò fọwọ́ kan ìbọn rí. Ní Ìkìrun tiwa, ọwọ́ ọdẹ la ti ń rí ìbọn, ìyẹn náà, ìgbà tí ọ̀kan nínú wọn bá kú tí àwọn yòókù ń yìn ín sókè fún un. Àwa ọmọdé á ki ìka bọ etí. Nígbà tí mo dàgbà, kíláàsì kẹrin ni mo ń kọ́ nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùkọ́ mìíràn ní pankẹ́rẹ́, èmi ní ohùn. Bí mo bá ti sọ pé "Kí ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn yẹn?", kíláàsì á pa lọ́lọ́.

Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ibí. Gbogbo ẹni tó wá ló ní ìtàn físà tirẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló sì gùn. Ohun tí mo lè sọ ni pé inú ẹ̀lífétọ̀ ilé wa ní Morris Heights ni nǹkan ti kọ́kọ́ dà rú mọ́ mi lójú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, ìyá àgbà kan wọlé bá mi níbẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ kí i. Ìyá náà rò pé nǹkan mi ló já bọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tìrora-tìrora, ó ń fọwọ́ wá a kiri ilẹ̀, ó ń bi mí léèrè pé ṣé yẹtí ni àbí kọ́kọ́rọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé. Mo ní yẹtí ni. A jọ wá yẹtí tí kò sọnù títí ilẹ̀kùn fi ṣí.

Láti ọjọ́ náà, mi ò kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni mọ́ ní Amẹ́ríkà. Mo máa ń rántí rẹ̀ bíi pé nǹkan kan sọnù níbẹ̀ lóòótọ́.

Nígbà tí ọmọ tí mo bí níbí tó ilé ìwé lọ, iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ni mo kọ́kọ́ ṣe, bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé ènìyàn láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí kẹ̀kẹ́, láti orí kẹ̀kẹ́ sí balùwẹ̀. Ọjọ́ kan ni ẹ̀yìn mi dún bí igi tó dá. Dókítà ní mi ò gbọdọ̀ gbé ènìyàn mọ́. Ènìyàn gbígbé sì ni gbogbo iṣẹ́ mi. Ọkọ mi, Bàbá Tẹni, tí òun náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ló gbọ́ nípa iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wúrà. Mo kọ́kọ́ ṣọ́ ibẹ̀ láìgbé ìbọn. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, wọ́n ní ẹni tó bá kọ́ ìbọn, tó gba ìwé-àṣẹ, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró, wọn yóò sì fún un ní ínṣọ̀ránsì fún gbogbo ilé rẹ̀. Nítorí ínṣọ̀ránsì yìí ni mo ṣe lọ kọ́ ìbọn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé kò sí akọni kankan nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Hector lorúkọ ẹni tó kọ́ wa, ọkùnrin kan tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, tó sì ń sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni tó wà nínú ilé ìkàwé. Àwa mẹ́rìnlá la jọ kẹ́kọ̀ọ́, èmi nìkan sì ni obìnrin. Lọ́jọ́ ìdánwò, ó gbé bébà tí mo yìnbọn sí sókè kí gbogbo wọn rí i. Gbogbo ihò ló kó ara jọ sójú kan bí kóró inú ìbẹ́pẹ. Ó ní, "Ẹ wo ọwọ́ obìnrin yìí. Kì í gbọ̀n."

Mo ti tọ́jú arúgbó fún ọdún mẹ́sàn-án ní ìlú yìí, ẹnikẹ́ni ò fi mí han ènìyàn rí pé ẹ wò ó. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mo bú sẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì. Nígbà tó ṣe, mo bi ara mi léèrè pé kí gan-an ló ń dùn mọ́ mi.

Ìwé-àṣẹ náà, tí ọlọ́pàá ìlú ń fúnni, kò rọrùn. Wọ́n tẹ ìka mi, wọ́n wo gbogbo ibi tí mo ti gbé, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n mú ènìyàn mẹ́rin wá tó lè jẹ́rìí sí ìwà mi. Mo jókòó sí tábìlì ìdáná, mo ń wo bébà. Àwọn tí mò ń kí ní ìlú yìí pọ̀. Àwọn tó mọ̀ mí ni mò ń wá. Ní Ìkìrun, bí mo bá dúró síwájú ilé wa tí mo pariwo, ènìyàn ogójì á jáde tó mọ ọjọ́ tí wọ́n sọ mí lórúkọ. Níbí, ọkọ mi ò kà, wọ́n ní ẹbí ni. Ìyàwó àlùfáà ìjọ wa fọwọ́ sí i. Obìnrin Ìjẹ̀ṣà kan tó ń gbé ní Co-op City fọwọ́ sí i. Ọmọ arúgbó kan tí mo tọ́jú títí tó fi kú fọwọ́ sí i, ó tún kọ lẹ́tà gígùn tó mú mi sunkún. Ẹnì kẹrin wá di wàhálà. Misita Winston ló rí mi tí mò ń rò ó níbi iṣẹ́, ó ní kí n gbé bébà náà wá. Oṣù mẹ́rin péré la tíì jọ ṣiṣẹ́ nígbà náà.

"Ẹ ò mọ̀ mí tó bẹ́ẹ̀," mo sọ fún un.

"Mo mọ̀ pé o máa ń fọ ife tí kì í ṣe tìrẹ," ó ní, ó sì fọwọ́ sí i.

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń gbé ìbọn. Inú àpótí irin ní ṣọ́ọ̀bù ló ń sùn. Láàárọ̀ mo gbé e wọ̀, nírọ̀lẹ́ mo dá a padà, mo wọ aṣọ mi, mo lọ sílé lọ se ọbẹ̀. Màámi nílé kò mọ̀. Mo sọ fún wọn lórí fóònù pé ṣọ́ọ̀bù wúrà ni mo wà, wọ́n sì gbà pé mò ń tà á. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń bi mí pé ọjà ń lọ? Mo máa ń dáhùn pé ó ń lọ, Màámi.

Ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, aago mọ́kànlá àárọ̀ ni, oòrùn mú gan-an. Ọkùnrin kan wọlé, kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lọ. Ó wo òrùka díẹ̀, kò béèrè ohunkóhun, ó yí padà bí ẹni fẹ́ jáde. Mo ṣí ilẹ̀kùn fún un. Ó kọjá mi lẹ́sẹ̀ kan, ó yí bìrí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìbọn mi mú ní ìbàdí.

Misita Winston wà ní ìkángun ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá àwọn gíláàsì ẹ̀yìn tí wọ́n ń to wúrà sí. Oníbàárà mẹ́ta wà láàárín wa, kò lè yìnbọn, kò tilẹ̀ lè sáré. Èmi fi ọwọ́ mi méjèèjì tẹ ọwọ́ ọmọ náà mọ́ àpò ìbọn, mo sì fi gbogbo ara mi tì í mọ́ ògiri. Ó ń fà, mò ń tẹ̀. Ojú wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi pé kí n sọ lójú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ló fò lọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni:

"Fi sílẹ̀! Mo ní kó o fi sílẹ̀! Ṣé etí ẹ di ni?"

Yorùbá ni. Ohùn kíláàsì kẹrin ni. Ọmọ náà kò lè gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, bí ojú ọmọ tí wọ́n ká mọ́bi tó ti ń jí gèlè ìyá rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni, òun ni Misita Winston fi dé, ó sì dà á dé ilẹ̀.

Títí tí àwọn ọlọ́pàá fi wá ni ọmọ náà ń sunkún. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan funfun. 

Ó yẹ kó parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú, kò sẹ́ni tó fara pa. Àmọ́ láti ọjọ́ kejì ni gbogbo ayé ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbà mí nímọ̀ràn.

Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù pè mí, ó dúpẹ́, ó sì gbé lẹ́tà kan fún mi tí òun ti fọwọ́ sí, pé òun fara mọ́ ọn kí n ra ìbọn kékeré kan mọ́ èyí tí mo ní. Èmi kọ́ ni mo béèrè rẹ̀. Misita Winston ló lọ bá a.

Bàbá Tẹni ní kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ pátápátá. Ẹ̀yìn ló kọ sí mi nígbà tó ń sọ ọ́, ó ń fọ abọ́.

"Kí n wá ṣe kí ni?" mo bi í.

"Iṣẹ́ wà."

"Èwo?"

"Iṣẹ́ wà, Ìyá Tẹni. Ìwọ nìkan kọ́ ló ń gbé ní New York."

"Ẹ sọ ẹyọ kan tí mi ò ní gbé ènìyàn níbẹ̀."

Ó ń fọ abọ́ kan náà lọ. Lẹ́yìn ìgbà tó pẹ́, ó ní tí mi ò bá ní fi í sílẹ̀, kí n kúkú ra ìbọn kejì ọ̀hún. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ ohun méjì yẹn nìkan ló wà láyé. 

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyàwó àlùfáà dì mọ́ mi níwájú gbogbo obìnrin, ó ní kí n má ṣe ra ohunkóhun, pé àdúrà ni ìbọn kejì àwa onígbàgbọ́. Gbogbo wọn ṣe àmín. Mo ń lọ wọ kóòtù mi báyìí ni olórí àwọn tó ń ṣètò ìjókòó fà mí sí ẹ̀gbẹ́, ó ní ìgbìmọ̀ ti ń rò ó, pé tí mo bá ti ra kékeré náà, ṣé mi ò ní máa jókòó sí àga ẹ̀yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn, láti máa ṣọ́ ìjọ? Mo wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń ṣàwàdà. Kò ṣàwàdà rárá.

Láti ṣọ́ọ̀ṣì, ọ̀rọ̀ bọ́ sórí fóònù, láti orí fóònù ó dé Ìkìrun. Mo mọ̀ nígbà tí Màámi pè mí láàárọ̀ Sátidé, tí wọn kò sì bi mí bóyá ọjà ń lọ.

"Ṣé òótọ́ ni pé ìbọn lò ń gbé?"

"Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Mo ní ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni, Màámi."

 Mo ti ń múra ẹkún sílẹ̀, tiwọn àti tèmi.

"Mélòó?"

"Ẹ̀n?"

"Ìbọn mélòó ni wọ́n fún ọ?"

"Ọ̀kan ni, Màámi."

"Ọ̀kan péré? Ní Amẹ́ríkà?"

Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Màámi ń bá tiwọn lọ. Wọ́n ní nílé níbẹ̀ báyìí, àbúrò mi Gbóyèga kì í dá nìkan lọ sóko mọ́ nítorí àwọn ajínigbé, pé ọdẹ méjì ló ń tẹ̀ lé e, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ṣé èmi tí mo wà níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn wá ń gbé ẹyọ kan ṣoṣo kiri bí aláìní? Wọ́n ní kí n gba èkejì kíákíá. Wọ́n ní kí n sì jẹun dáadáa.

Mo gbé fóònù sílẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n ju nǹkan mọ́ ògiri. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ kúrò nílé ni pé kí ọkàn mi balẹ̀. Àwọn tí mo fi sílẹ̀ ń rò pé èmi ni ọkàn mi balẹ̀, èmi sì máa ń rò pé tí nǹkan bá le jù, mo lè padà sọ́dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ yẹn ni mo rí i pé kò sí ibì kankan tí mo ń padà sí tí ọdẹ kò ní í tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Ó ká mi lára gan-an. Ó tún bí mi nínú.

Nígbà tó sú mi pátápátá, mo kọ̀wé béèrè. Mo ní kí n béèrè ná kí etí mi lè sinmi. Ó gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ìwé dé: wọ́n gbà kí n ra ìbọn kékeré kan. Misita Winston yọ̀ bí ẹni tí wọ́n fún ní ọmọ-ọmọ. Ó tẹ̀ lé mi lọ sílé ìtajà, a yan èyí tí yóò bá ọwọ́ mi mu, wọ́n sì fi orúkọ mi sí i pé kí n wá gbé e tí mo bá ti ṣètò ibi tí yóò máa wà.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ti ibiṣẹ́, ibiṣẹ́ ló ń sùn. Èyí, tèmi ni. Yóò bá mi délé.

Bàbá Tẹni ra àpótí irin kékeré kan. Àwa méjèèjì wá ń gbé e kiri inú ilé oníyàrá méjì. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò ṣeé ṣe, ẹ̀yìn mi ò lè máa bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdáná kọ́, ìgbà gbogbo ni ènìyàn ń wọ ibẹ̀. A gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù, láàárín àwọn léèsì mi àti Bíbélì àtijọ́ tí Bàbá Tẹni gbé wá láti ilé, ó sì dà bíi pé ó ń wò wá. Ìgbà yẹn ni ọmọ wa wọlé.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Tẹniọlá, ìlú yìí la bí i sí. Ó ń gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bó bá ń sọ ọ́, ohùn rẹ̀ máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Òyìnbó ló sábà máa ń bá wa sọ. Lọ́jọ́ náà, Yorùbá ló sọ.

"Mọ́mì, ṣé inú ilé ló máa wà?"

"Inú àpótí ni. Àgádágodo wà níbẹ̀."

"Ìyá Aaliyah máa ń béèrè."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Aaliyah, ilé wa ni wọ́n ti jọ ń kàwé lọ́jọ́rú.

"Kí ló máa ń béèrè?"

"Kó tó jẹ́ kí Aaliyah lọ sílé ẹnikẹ́ni, ó máa ń béèrè pé ṣé ìbọn wà nílé yẹn. Mo sọ fún un pé kò sí. Kí ni kí n sọ báyìí?"

Bàbá Tẹni wò mí. Èmi wo àpótí. Láti kékeré, ohun tí mo mọ̀ tí ìyá kan máa ń béèrè nípa ilé tí ọmọ rẹ̀ ń lọ ni pé ọmọ ta ni wọ́n, àti pé kó má lọ dúró de oúnjẹ wọn. Mi ò mọ̀ pé obìnrin kan ti ń béèrè ilé mi bẹ́ẹ̀, pé ọmọ mi sì ti ń dáhùn fún mi.

"Ó máa sọ pé kó má wá mọ́," Tẹniọlá ní. Kò pariwo, kò sunkún. Ó kàn fẹ́ mọ ohun tí yóò sọ. Ìyẹn ló jẹ́ kó burú. Mo ní kó fún mi láàyè kí n ronú, ó sì jáde.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sọ́dọ̀ Hector. Ó ní òun kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ìbọn kejì láì fi ti oníke dánra wò. Ó fún mi ní méjì, ńlá sí ìbàdí, kékeré sí ọrùn ẹsẹ̀. Òun ni yóò ṣe bí olè. Àwọn mẹ́rin mìíràn dúró, wọ́n ń wò wá.

Ó dì mí mú gẹ́gẹ́ bí ọmọ yẹn ṣe dì mí mú. Mo bẹ̀rẹ̀ láti fa ti ẹsẹ̀ yọ, kí ọwọ́ mi tó dé ìbọ̀sẹ̀, ó ti gba ti ìbàdí, ó sì ti nà án sí mi lórí.

"O ti kú," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe."

A tún un ṣe. Mo tún kú. Ẹ̀yìn mi ń ro mí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó kọ́ mi pé kí n fi ọwọ́ kan ṣoṣo di ti ìbàdí mú, kí n gbé orúnkún sókè dípò kí n bẹ̀rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ó bọ́ sí i. Ọwọ́ òsì mi tẹ ọwọ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún fa kékeré yọ, mo fi ẹnu ìbọn náà ti ikùn Hector, mo sì fà á. Ó dún kẹ́.

Hector di ikùn mú, ó ṣubú sẹ́yìn, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ó pa mí! Ẹ rí bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá?" Àwọn mẹ́rin náà pàtẹ́wọ́.

Bàtà ni mò ń wò. Ti Hector bára mu, ṣùgbọ́n èyí tó dúdú àti èyí tó funfun ni mò ń rí. Ká ní mo ti ní kékeré yìí lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni ì bá ṣẹlẹ̀. N ì bá bẹ̀rẹ̀, kí ọmọ náà gba ìbọn ìbàdí mi, kí Tẹniọlá di ọmọ aláìníyàá. Tàbí kí ọwọ́ mi yá, kí n pa ọmọ tó ń sunkún. Ohun tó gbà wá là, èmi àti òun, ni pé mi ò ní ohun mìíràn tí mo lè nawọ́ sí.

Mo lọ sílé ìyàgbẹ́, mo tan omi sílẹ̀, mo dúró níbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ. Nígbà tí mo padà, Hector ti mọ̀. Ó ní kò bá gbogbo ènìyàn lára mu, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀. Mo bi í pé ká ní mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ti ìbàdí mọ́lẹ̀ ńkọ́, tí mi ò wá nǹkan mìíràn kiri? Ó ní ká wò ó.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ló gbìyànjú rẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn. Ó fà mí kiri gbogbo yàrá náà, ó gbé mi kúrò nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kò rí ìbọn náà gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó ní iṣẹ́ wo ni mo ṣe tẹ́lẹ̀ tí ọwọ́ mi fi lágbára báyìí. Mo ní mo gbé àwọn ìyá arúgbó.

Mo ra àpò ìbọn tuntun, irú èyí tí ó ní ìdè mẹ́ta, tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fa ìbọn yọ. Mo sì lọ dá ìwé ìyọ̀ǹda ìbọn kejì padà ní ọ́fíìsì ọlọ́pàá tó fún mi.

Ẹ má bi mí bó ṣe rọrùn tó. Obìnrin tó wà ní fèrèsé àkọ́kọ́ ní kí n lọ sí ìkẹta. Ti ìkẹta ní àkọ́kọ́ ló ń ṣe é. Mo padà.

"Kí lẹ fẹ́?"

"Mi ò fẹ́ ìbọn náà mọ́."

"Wọ́n kọ̀ fún yín ni?"

"Rárá, wọ́n gbà. Èmi ni mo kọ̀."

"Ẹ lè fi ìwé náà sílẹ̀, kó kú fúnra rẹ̀."

"Mo fẹ́ kó kú lónìí."

Ó ṣí àpótí tábìlì, ó tì í, ó ṣí òmíràn. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi lórí ìlà ń kùn. Gbogbo wọn wá béèrè ni, èmi nìkan ló ń dá nǹkan padà. Ní ìgbẹ̀yìn ó mú fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ṣe fún ohun mìíràn, ó fi kálámù fa ìlà lórí àkọlé rẹ̀, ó ní kí n kọ ìdí tí mi ò fi fẹ́ ẹ mọ́. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ kò ju ìka kan lọ. Mo ronú kan Màámi, mo ronú kan ìyá Aaliyah, mi ò mọ bí mo ṣe máa kó gbogbo wọn síbẹ̀. Mo kọ ọ́ lóyìnbó pé ọwọ́ méjì péré ni mo ní, méjèèjì sì ti níṣẹ́.

Obìnrin náà kà á. Ó wò mí. Ó tún un kà, ó sì lu òòǹtẹ̀ sí i gbàà.

Mo sọ fún Tẹniọlá pé kó máa bá ìdáhùn rẹ̀ àtijọ́ lọ. Mo sọ fún Màámi pé ìbọn kan yìí tóbi gan-an, ọkàn wọn sì rọ̀ díẹ̀. Misita Winston ló kù. Mo sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé. Ó ní mo ya òmùgọ̀. Ó ní òun ti sin ọ̀rẹ́ méjì tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, pé òun ò fẹ́ wọ aṣọ dúdú nítorí orí kunkun mi. Ó di oúnjẹ rẹ̀ padà, ó sì lọ jẹ ẹ́ lóde. Fún ọjọ́ mẹ́ta, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń kí gbogbo ènìyàn, ó ń fò mí. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo gbé ìbọn mi wọ̀, mo jáde wá sí ibi ìdúró mi lẹ́bàá ilẹ̀kùn, mo bá a níbẹ̀. Ó ti fi àwọn gíláàsì ẹ̀yìn sílẹ̀, níbi tó ti ń dúró láti ọdún mọ́kànlá. Ó ti lọ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, wọ́n sì ti wá ẹlòmíràn fún ẹ̀yìn. Apá ọ̀tún mi ló dúró sí, níbi tí ìbọn mi wà, ó súnmọ́ mi débi pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ nawọ́ sí i yóò kọ́kọ́ kan òun.

"Ẹ káàárọ̀, Misita Winston," mo ní.

Kò wojú mi. Ìta ló ń wò.

"Sún sọ́hùn-ún díẹ̀, Tíṣà," ó ní. "O ń gba àyè mi."